Ilẹ̀ Tí Ọkọ́ Kò Kàn

Leipzig, Jámánì
Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹsàn-án, 2023

Bàbá mi àgbà,

As-salāmu alaykum. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti òkèèrè. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú àìrí ara ẹni. Ṣé ẹsẹ̀ ti fúyẹ́? Ṣé ẹ ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín déédéé, àbí ìgbà tí ẹ bá rántí ni? Màámi ní ẹ ti tún padà sídìí iyọ̀. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni o, mo kàn ń béèrè ni.

Mo mọ̀ pé ẹ kórìíra fóònù. Ẹ máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ní ibi tí èèyàn lè fìdí lé. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ èyí, tí mo sì fi ránṣẹ́ sí Àǹtí Àdùkẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Mayfair ní Ifẹ̀ níbẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ jáde fún yín. Tí ẹ bá fẹ́ fèsì, ẹ fi ọwọ́ yín kọ ọ́, yóò ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá, iṣẹ́ ni mo fẹ́ bẹ̀ yín. Ẹ mọ̀ pé ohun tí mo ń ṣe níbí ni wíwọn oró tí àwọn bọ́ǹbù átọ́míìkì fi sílẹ̀. Nígbà tí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà àti Faransé ń dán bọ́ǹbù wọn wò láyé ìgbà tí ẹ wà lọ́mọdé, eruku rẹ̀ gòkè, afẹ́fẹ́ gbé e káàkiri ayé, òjò sì rọ̀ ọ́ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀kan nínú ohun tó wà nínú eruku náà ni wọ́n ń pè ní sísíọ́mù. Bó bá ti balẹ̀, ó máa ń lẹ̀ mọ́ erùpẹ̀ ni, kì í fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Títí di òní, níbi tí ẹnikẹ́ni kò bá ti da ilẹ̀ rú, òkè ni a ti ń bá a. Ibi tí wọ́n bá ti kọ ebè sí, yóò ti pò pọ̀.

Lórí máàpù tí ọ̀gá mi ń lò, gbogbo Yúróòpù ti kún fún nọ́ńbà. Ibi tó yẹ kí Ifẹ̀ wà, funfun ni. Ó ń dùn mí. Mo fẹ́ fi nọ́ńbà tiwa síbẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí mo nílò ni ilẹ̀ tí ọkọ́ kò kàn láti 1960, ẹ sì mọ̀ pé ìyẹn ṣòro ní ìlú àgbẹ̀. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlódè ló wá sí mi lọ́kàn, ibi tí ẹ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin ohunkóhun sí. Màámi ní àwọn bíríkìlà ń bọ̀ wá kọ́ yàrá síbẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́yìn ọyẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi bu erùpẹ̀ kí wọ́n tó dé. Tí wọ́n bá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀, ó parí nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè tò ó padà bó ṣe wà.

Ẹ ní kí wẹ́dà bá yín gé páìpù irin tó gùn tó ogójì sẹ̀ǹtímítà. Ẹ fi òòlù lù ú wọlẹ̀ níbi mẹ́ta, ẹ fà á jáde, ẹ gé erùpẹ̀ inú rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà méjì-méjì, kí gígé kọ̀ọ̀kan wà nínú ọ̀rá tirẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà. Ìwé àṣẹ láti fi ránṣẹ́ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Oró náà ti kéré débi pé kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ẹ bá mi bẹ Màámi kó má lọ sọ fún àdúgbò pé bọ́ǹbù wà lẹ́yìnkùlé wa.

Ọmọ yín,
Bushrah Àníkẹ́


Ìlódè, Ilé-Ifẹ̀
Ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kẹsàn-án, 2023

Àníkẹ́, ọmọ Ádámù àbúrò mi,

Wa alaykumu s-salām. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara le, ẹsẹ̀ ń dùn mí ní àárọ̀ nìkan. Ní ti iyọ̀, ìyá rẹ ló ń sè é, èmi ló ń jẹ ẹ́. Ẹni tó sè é ni kó kọ́kọ́ jẹ́jọ́.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tí o bẹ̀ mí. Láti ìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì, kò sẹ́ni tó bẹ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ níṣẹ́ mọ́ àfi kí n wá dá sí ìjà ààlà. Nígbà tí Faransé yin bọ́ǹbù ní aṣálẹ̀ Sàhárà, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí. Inú ọyẹ́ ni. Rédíò sọ ọ́. Ìyá àgbà rẹ kò gbọ́ èyí tó jinlẹ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó yé e ni pé eruku ọyẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe eruku lásán. Ó da gbogbo omi àmù nù, ó sì fi páànù bo orí kànga fún ọ̀sẹ̀ méjì. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó di ẹ̀yìn ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta kí ọmọ ọmọ rẹ̀ tó kọ̀wé sí mi pé ó jàre.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yàrá tí ìyá rẹ sọ. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí òun àti Abdulhakeem àbúrò rẹ ti ń bá mi fà á. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá ilé káàkiri, ilẹ̀ sì wà lásán, kí ni mò ń fi í ṣe? Abdulhakeem ní òun kò rí àgbà tó ń ṣọ́ koríko rí. Mo ti wá fún wọn ní ìdajì. Kí wọ́n kọ́lé sí apá ibi tí oòrùn ti ń yọ. Apá ara ògiri ọgbà, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọkọ́ kàn án títí n ó fi kú. Má bi mí ní ìdí rẹ̀. Àgbà ni mí, mo ní ìdí.

Fákúnlé wẹ́dà ló bá mi ṣe irin náà. Apá ìlà-oòrùn ni mo lu ihò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí, nítorí ibẹ̀ ni wọn yóò gbẹ́. Ogún ọ̀rá ni ihò kọ̀ọ̀kan, ọgọ́ta lápapọ̀. Àwòrán ilẹ̀ náà wà nínú páálí pẹ̀lú wọn, mo sì kọ bí ihò kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sí igun ògiri ilé ìdáná. Wallahi, ọkọ́ kò kan ilẹ̀ yẹn láti ìgbà tí bàbá wa ti kọ́lé yìí ní 1952. Mo wà níbẹ̀, mo sì ti ń ṣọ́ ọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyá rẹ bá mi lórí ìkúnlẹ̀ pẹ̀lú òòlù, ó ní ṣé mo ti bẹ̀rẹ̀ ìpìlẹ̀ fúnra mi ni. Mo ṣàlàyé fún un. Ó ní kí n tètè kó oró náà jáde kí ayálégbé tó kó wọlé.

Ọdún mẹ́fà ni o ti lọ. Erùpẹ̀ wa yóò wá kí ọ nílé kí ìwọ tó wá kí wa. Ó yẹ kí ojú tì ọ́ díẹ̀.

Èmi ni,
Abdulrazaq Àtàndá


Leipzig
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kìíní, 2024

Bàbá mi àgbà,

Ẹ kú ọdún tuntun, ẹ kú ọyẹ́. Ẹ má bínú pé mo pẹ́. Ọ̀rá kan máa ń lo odindi ọjọ́ kan nínú ẹ̀rọ, ọgọ́ta ni ẹ sì fi ránṣẹ́.

Ihò kìíní àti ìkejì dára débi pé ọ̀gá mi fi ìjókòó rẹ̀ sílẹ̀ wá wò ó lára ẹ̀rọ mi. Òkè ni sísíọ́mù pọ̀ sí, ó ń dín kù bó ṣe ń lọ sílẹ̀, nígbà tó fi máa di ogún sẹ̀ǹtímítà kò sí nǹkan kan mọ́. Bó ṣe yẹ kí ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn rí nìyẹn.

Ìkẹta ló bà mí lọ́kàn jẹ́. Kò ní òkè, kò ní ìsàlẹ̀. Díẹ̀ wà lókè, díẹ̀ wà láàárín, díẹ̀ wà nínú ọ̀rá ogún tó kẹ́yìn pátápátá. Ó ti dàrú. Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé kì í ṣe pé ó rẹ̀ yín, tí ẹ wá ní kí ẹlòmíràn bá yín parí rẹ̀? Àbí ọ̀rá já, ẹ kàn kó o padà bó ṣe bá ọwọ́? Tàbí kí ẹ ti gbin iṣu síbẹ̀ rí, kí ẹ ti gbàgbé? Mo mọ̀ pé ẹ ti búra, ṣùgbọ́n ọjọ́ ti pẹ́.

Ọ̀gá mi ní tí n kò bá lè sọ ohun tó ṣe ihò kẹta, kò sí bí a ṣe lè gba méjì yòókù gbọ́, a óò yọ Ifẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ yóò tún funfun padà. Mi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ bá mi kí Màámi.

Bushrah


Ìlódè
Ọjọ́ kejì oṣù kejì, 2024

Bushrah,

Mo rí lẹ́tà rẹ. Èmi Abdulrazaq Àtàndá wọn ilẹ̀ fún ìjọba fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo wọn ọ̀nà, mo wọn oko, mo wọn ilẹ̀ tí ọmọ ìyá méjì tìtorí rẹ̀ yọ àdá síra wọn, kò sì sẹ́ni tó sọ rí pé ó rẹ̀ mí mo ní kí ẹlòmíràn bá mi parí rẹ̀. Ìwọ tí mo kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń di rúlà mú lo wá sọ ọ́.

Ọwọ́ mi ni mo fi gé erùpẹ̀ náà. Ọwọ́ mi ni mo fi kọ nọ́ńbà. Ọ̀rá kankan kò já. N kò gbin iṣu. Kí ẹ̀rọ rẹ lọ gba ìtọ́jú.

Àwọn bíríkìlà ń bọ̀ ní Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù yìí. Lẹ́yìn ìyẹn kò ní sí ohun tí èmi àti ìwọ yóò máa jiyàn lé lórí.

Ìyá rẹ ní kí n kí ọ. Èmi náà kí ọ, ṣùgbọ́n kò ti inú wá.

A. Àtàndá


Leipzig
Ọjọ́ kẹwàá oṣù kejì, 2024

Bàbá mi àgbà,

Mo kúnlẹ̀, mo fi orúnkún méjèèjì bẹ̀bẹ̀. Ẹnu mi ló yá jù. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi ní ìwọ̀n, ó yẹ kí n ti mọ̀ pé ọwọ́ yín kì í ṣì. Ẹ foríjì mí.

Mo tún kó ọ̀rá mẹ́fà nínú ihò kẹta sínú ẹ̀rọ mìíràn. Ohun kan náà ló sọ. Mo wá jókòó, mo rò ó dáadáa, mo sì rí ohun tí mi ò rí tẹ́lẹ̀. Oko kọ́ ló wà níbẹ̀. Ọkọ́ kì í da ilẹ̀ rú kọjá nǹkan bí ọgbọ̀n sẹ̀ǹtímítà, erùpẹ̀ yìí sì dàrú títí dé ogójì tí irin yín dúró, kò tilẹ̀ fi hàn pé ibẹ̀ ló parí sí. Bẹ́ẹ̀ sì ni, gẹ́gẹ́ bí àwòrán yín, ìgbésẹ̀ méjì péré ló wà láàárín rẹ̀ àti ihò kejì, ohunkóhun kò sì ṣe ihò kejì.

Nítorí náà, ihò kan ni ẹnì kan gbẹ́ níbẹ̀. Kò fẹ̀. Ó jìn. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n sì fi erùpẹ̀ kan náà dí i padà. Ó sì ní láti jẹ́ lẹ́yìn 1965 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí oró náà ti rọ̀ tán, nítorí bó bá jẹ́ ṣáájú ni, òjò ìgbà náà ì bá tún ti fi tirẹ̀ sórí rẹ̀.

Bàbá, kí ni wọ́n gbẹ́ níbẹ̀? Ṣé ṣáláńgá ni? Ṣé kànga tí kò lómi ni? Tí ẹ bá lè sọ fún mi, mo lè kọ ọ́ sílẹ̀, Ifẹ̀ yóò sì dúró lórí máàpù. Ẹ dákun, ẹ sọ fún mi kí àwọn bíríkìlà tó dé.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Bushrah


Leipzig
Ọjọ́ keje oṣù kẹta, 2024

Bàbá mi àgbà,

Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ kò fèsì. Màámi ní ara yín le, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run.

Ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi lórí fóònù. Ó ní àwọn bíríkìlà dé pẹ̀lú dígà àti okùn wọn, ẹ gbé àga síta, ẹ jókòó sí àárín apá ìlà-oòrùn, ẹ kò dìde títí wọ́n fi kó irinṣẹ́ wọn lọ. Abdulhakeem ní ọjọ́ ogbó ti dé sí yín. Màámi kò sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n inú ń bí i. Ó ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ fún àwọn ní ìdajì yẹn, kí ló dé tí ẹ tún gbà á padà?

Bó bá jẹ́ lẹ́tà mi ló fà á, ẹ sọ fún mi. Tí ẹ bá sì ní kí n má béèrè mọ́, mi ò ní béèrè mọ́.

Bushrah


Ìlódè
Ọjọ́ kejìlá oṣù kẹta, 2024

Bushrah ọmọ mi,

Ààwẹ̀ kejì lónìí. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà yìí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo sì ti fà á ya. Má bínú pé mo ní kí ẹ̀rọ rẹ lọ gba ìtọ́jú. Òun ló jàre.

Kì í ṣe ṣáláńgá. Kì í ṣe kànga. Sàréè ni. Rasheed ẹ̀gbọ́n rẹ ló wà níbẹ̀.

O ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, ó dá mi lójú, ṣùgbọ́n n kò rò pé ẹnikẹ́ni jókòó ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. Òun ni àkọ́bí ìyá rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí gìrì mú un, ní oṣù kẹjọ ọdún 1986, ọdún mẹ́rin kí wọ́n tó bí ọ. Ó ṣeré ní àárọ̀. Kí a tó kírun ọ̀sán, ó ti lọ. O mọ bí a ṣe ń ṣe é nílé wa. Òbí kì í sin ọmọ, òbí kì í sì í mọ sàréè ọmọ. Àwọn obìnrin ilé mú ìyá rẹ wọ yàrá, wọ́n jókòó ti ilẹ̀kùn. Wọ́n fa bàbá rẹ lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Èmi àti Àlùfáà Àlàní la wẹ̀ ẹ́, la kírun sí i lára, la gbé e lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀. Ó mu mí dé ìbàdí kí Àlùfáà tó ní ó tó.

Ní ọjọ́ kejì ìyá rẹ jáde sí mi, ó ní, "Bàbá, níbo ni?" Mo ní kó má béèrè. Nígbà tó bí ọ tán, tí a sọ ọ́ lórúkọ, ó tún bi mí. Mo fún un ní èsì kan náà. Kò béèrè mọ́ láti ìgbà náà. Bàbá rẹ kò mọ̀ títí ó fi kú. Àlùfáà náà ti kú. Ó ku èmi nìkan.

Nígbà tí mo búra fún ọ, n kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́. Apá ara ògiri ni mo rò pé ó wà. Igi gúrófà kan wà lẹ́yìnkùlé láyé ìgbà náà, ara rẹ̀ ni mo fi sàmì sí i lọ́kàn. Ìjì ṣẹ́ igi náà ní 1994, kùkùté rẹ̀ sì jẹrà tán. Láti ìgbà náà, ọkàn mi nìkan ni mo fi ń wọ̀n ọ́n, ọkàn mi sì ti ṣì. Gbogbo ilẹ̀ tí mo wọ̀n láyé mi ni mo ya pláànù rẹ̀ àfi ìyẹn, nítorí n kò fẹ́ kí ìwé kankan wà tí ìyá rẹ lè bá pàdé. Ó tó ọgbọ̀n ọdún tí mo ti ń ṣọ́ ibi tí kò sí. Mo sì wá mú ibi tó wà gan-an, mo fi lé àwọn bíríkìlà lọ́wọ́. Bí kì í bá ṣe ihò kẹta rẹ ni, dígà ni ì bá hú u jáde lójú ìyá rẹ. Mo ń ronú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí mo bá wà lórí ìkúnlẹ̀, ẹ̀rù ń bà mí.

N kò mọ ohun tí n ó ṣe. Tí mo bá sọ fún un, mo ti tẹ òfin ilé lójú. Tí n kò bá sọ, ọjọ́ tí mo bá kú ni Abdulhakeem yóò pe bíríkìlà padà. Ìwọ ni mo ń bi, nítorí ìwọ lo rí i.

Ṣọ́ọ̀bù Àdùkẹ́ ni mo ti ń kọ ìparí yìí. Mo ní kó ya àwòrán lẹ́tà náà láìkà á. Ó ní òun kì í ka lẹ́tà ẹlẹ́tà. Mo mọ̀ pé irọ́ ló ń pa, ṣùgbọ́n omijé wà lójú rẹ̀, n kò lè bá a jà.

Abdulrazaq


Leipzig
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹta, 2024

Bàbá mi àgbà,

Ẹ kú ààwẹ̀, Ọlọ́run yóò gbà á. Mo ka lẹ́tà yín nínú ọkọ̀ ojú irin, mo sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tí mo ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ kúrò nílẹ̀, kí ẹ má baà rò pé nítorí rẹ̀ ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ti gbẹ́ ibi ìkẹta rí. Mi ò kọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì béèrè. Ọ̀gá mi gbà á. Ifẹ̀ ti wà lórí máàpù pẹ̀lú ihò méjì. Ìyẹn ti parí.

Ẹ̀yin bi mí, n kò lè ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún òfin ilé. Mo mọ̀ pé wọ́n ṣe é kí ọkàn ìyá má baà máa padà síbẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Ṣùgbọ́n Bàbá, ẹ̀ẹ̀mejì ló bi yín. Ẹni tó bí ọmọ mìíràn, tó ṣì fi ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ béèrè èyí tó kú, ọkàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ó kàn dákẹ́ ni.

Mo pè é lánàá. Ó bi mí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ, mo ní ó ń lọ dáadáa, mo sì yára sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Mi ò ní sọ fún un, nítorí ẹnu yín ló tọ́ kó ti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tó bá bi mí, mi ò ní purọ́ fún un.

Tí ẹ bá fẹ́ lọ fi ojú rí i: ibi tí ẹ kọ 3 sí lórí àwòrán yín ni. Mítà mẹ́fà àti ogójì sẹ̀ǹtímítà sí igun ògiri ilé ìdáná. Nọ́ńbà yín ni, ó péye.

Ọmọ yín,
Bushrah


Ìlódè
Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹrin, 2024

Bushrah mi,

Ọwọ́ Bàbá lò ń wò yìí, ṣùgbọ́n ẹnu èmi ìyá ẹ ni. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n kọ ọ́ bí mo bá ṣe sọ ọ́, kí wọ́n má yọ nǹkan kan, kí wọ́n má sì fi nǹkan kan kún un. Tí wọ́n bá kọ díẹ̀, wọ́n á kà á sí mi létí kí n tó sọ òmíràn.

O kú ọdún o. A ṣọdún. Kò dùn, àmọ́ a ṣe é.

Lọ́jọ́ kọkànlá ààwẹ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì, wọ́n pè mí sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní kí n jókòó. Mo rò pé wọ́n fẹ́ dá ilẹ̀ náà padà fún wa ni, mo tiẹ̀ ti ń dúpẹ́. Wọ́n wá sọ ọ́. Kò tiẹ̀ gùn. Mo rò pé ohun téèyàn fi pa mọ́ tó bẹ́ẹ̀ máa gùn.

Mi ò bá wọn sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Mo se oúnjẹ ìṣínu wọn torí pé ààwẹ̀ ni, mo ń gbé e sí ẹnu ọ̀nà, mo ń kan ilẹ̀kùn, mo ń lọ. Mo sì fi iyọ̀ sí i dáadáa. Ẹ kọ ọ́, Bàbá.

Ẹnu mi yìí ni mo fi pe bíríkìlà lé ọmọ mi lórí. Okùn tí mò ń sá aṣọ sí, orí ẹ̀ gan-an ló gbà kọjá, ọdún mélòó? Bàbá ní mi ò mọ̀, pé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo ní ta ni ò jẹ́ kí n mọ̀? Wọ́n dá bírò dúró. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ dá bírò dúró.

Wọ́n ní ìyá kì í wo sàréè ọmọ. Mo ti wò ó. Àràárọ̀ ni mò ń lọ jókòó níbẹ̀ báyìí, ojú mi ò fọ́. Koríko ni mo rí, àti ilẹ̀. Mò ń bá a sọ̀rọ̀ díẹ̀, mo ń dìde lọ síbi iṣẹ́ mi. Abdulhakeem ti kó búlọ́ọ̀kù ẹ̀ lọ sí apá ara ògiri, ibẹ̀ ló máa kọ́lé sí. Òun náà sunkún. Kò mọ̀ pé mo rí òun.

Bàbá ti ka gbogbo lẹ́tà yín sí mi létí láti àkọ́kọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ̀ mí lára nìyí. Wọ́n ṣàlàyé irin yẹn fún mi, pé òòlù ni wọ́n fi lù ú wọlẹ̀. Látọjọ́ náà ni mi ò ti mọ oorun. Mo bi wọ́n pé ṣé irin yẹn kan ọmọ mi. Wọ́n ní rárá. Mi ò lè gba ẹnu wọn gbọ́ mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́, Bàbá, ẹ má wò mí. Ìwọ tóo wọ̀n ọ́n ni mò ń bi. Ṣé irin yẹn kàn án? Ilẹ̀ tí wọ́n bù níbẹ̀ dà? Má parọ́ fún mi torí pé mo jẹ́ ìyá ẹ.

Hàlímàt, ìyá Rasheed

Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Abdulrazaq.


Leipzig
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹrin, 2024

Màámi,

Mi ò ní kí yín gùn lónìí, torí mo mọ̀ pé ẹ ń dúró.

Irin náà kò kàn án. Gígùn irin náà kò ju ọwọ́ yín lọ láti ìgúnpá dé orí ìka. Bàbá ní ilẹ̀ náà mu àwọn dé ìbàdí, ẹ sì mọ bí Bàbá ṣe ga tó. Ó kù tó ọwọ́ kan mìíràn kí irin tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mi ò sì gba ẹnu Bàbá nìkan gbọ́. Mo ti tú ogún ọ̀rá náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi ọwọ́ mi sẹ́ ẹ. Erùpẹ̀ ni, òkúta wẹ́wẹ́ ni, gbòǹgbò koríko ni. Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀, Màámi. Ẹ sùn.

Òfin ibí ni pé kí wọ́n sun erùpẹ̀ ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí. Mo ti lọ bá wọn láti oṣù kẹta, mo sọ ohun tó jẹ́ fún wọn, wọ́n sì fún mi níwèé pé kí n gbé ti ihò kẹta padà. Gbogbo rẹ̀ wà nínú yàrá mi. Èmi fúnra mi ni mo ń gbé e bọ̀ ní oṣù kẹfà, ẹ̀yin lẹ máa fi ọwọ́ yín dá a padà sí àyè rẹ̀.

Ìbéèrè kan wà tí mi ò bi yín rí, torí gbogbo ilé ń ṣe bí ẹni pé a kì í béèrè. Kí ni Rasheed fẹ́ràn láti jẹ? Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ ni, àbí ó ń tijú? Ta ló jọ nínú wa? Ẹ sọ ọ́ fún Bàbá, kí wọ́n kọ ọ́, kó gùn bó ṣe fẹ́.

Ọmọ yín,
Bushrah, àbúrò Rasheed